Peru àbí California: èwo ló sàn fún ọmọ Ṣáínà tó lọ ṣe lébìrà lókè òkun ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún?
Àwọn kan máa ń pa méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ìyà kan náà ni, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Ẹni tó bá wọkọ̀ lọ Peru láàárín 1849 sí 1874, ìwé àdéhùn ọdún mẹ́jọ ló tẹ̀ka sí, wọ́n sì lè ta ìwé yẹn fún ọ̀gá míì kóun náà bá a lọ bí ẹrù. Àwọn tí wọ́n kó lọ erékùṣù Chincha létí òkun Peru, dígà ni wọ́n fi ń wa ìgbẹ́ ẹyẹ tó ti le gbagidi, tí wọ́n ń kó lọ tà fún àgbẹ̀ Yúróòpù bí ajílẹ̀, eruku ẹ̀ ń ta sójú, ó ń wọmú, ó ń wọ ọ̀fun, débi táwọn kan fi fọwọ́ ara wọn gbẹ̀mí ara wọn. Ó dùn mí gan-an.

California ńkọ́? Gbèsè owó ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ jẹ lọ, tó bá ti san án tán, ó bọ́ nìyẹn. Àmọ́ nídìí rélùwéè Central Pacific tí wọ́n ń là láti California, kọ́ńpìnì ń bọ́ òyìnbó, Ṣáínà ń bọ́ ara ẹ̀. Àwọn Ṣáínà daṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹfà 1867, ọ̀gá dá oúnjẹ wọn dúró, ebi lé wọn padà. Ní 1882, òfin Amẹ́ríkà tilẹ̀kùn mọ́ àwọn lébìrà Ṣáínà tó fẹ́ wọlé. Síbẹ̀, California ni màá mú, torí iṣẹ́ tó bá sú èèyàn, ó lè dirù ẹ̀ kó máa lọ.