Slow cooker tí mo rà ní Dùgbẹ̀: ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, kí ẹ tó sanwó

Mo bi ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ ní ìbéèrè kan kí n tó yọ owó rárá fún slow cooker, ìyẹn ìkòkò oníná tó ń rọra se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Mo ní, “Bọ̀dá, bí iná bá lọ tó tún dé, ṣé ìkòkò yìí á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, àbí èmi ni mo máa tún un tẹ̀?” Ó ní, “Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí iná bá ti dé báyìí, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sè padà ni.” Mo tún bi í. Ó ní irú ẹ̀ wà nílé ìyá òun, pé òun fojú ara òun rí i.

Irọ́ ni. Irọ́ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn tó fẹ́ ra slow cooker, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì fún un ju àwọ̀ ìkòkò àti iye lítà rẹ̀ lọ.

Oríṣi méjì ni wọ́n gbé síta lọ́jọ́ náà. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, lítà 6 sì ni méjèèjì. Ọ̀kan wà tí a kàn ń fọwọ́ yí sí “low”, “high” tàbí “warm”. Èkejì ní bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀, nọ́ńbà á sì tàn lójú rẹ̀. Èyí tí a ń tẹ̀ fi ₦12,000 wọ́n ju èkejì lọ. Èyí tí a ń yí ni mo kọ́kọ́ gbé. Ọmọ yìí ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní ti àwọn ìyá àgbà nìyẹn, pé èyí tó lajú ni kí n mú.

Pulled pork ni mo fẹ́ fi ṣe. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà, òun ló fi oúnjẹ náà mọ̀ wá nígbà tí a lọ kí i. Ejìká ẹlẹ́dẹ̀ ni, odindi, tí wọ́n á sè pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀ títí á fi rọ̀ débi pé fọ́ọ̀kì méjì ni wọ́n fi ń fà á ya, tí wọ́n á wá fi ọbẹ̀ barbecue pò ó. Àwọn tó ni oúnjẹ náà, iná igi àti èéfín ni wọ́n fi ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Slow cooker ni ẹni tí kò ráyè jókòó ti ààrò fi ń rọ́gbọ́n dá sí i. Ọkọ mi fẹ́ pé ẹni 60 ọdún, láti ìgbà tí a sì ti dé ló ti máa ń dárúkọ ẹran yẹn. Mo fẹ́ kó tún un jẹ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo gbé e sórí iná, mo tẹ “low”, wákàtí 10. Iná lọ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Kò pẹ́ tó fi dé. Mo gbọ́ ariwo àwọn ọmọ àdúgbò, mo yí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo sùn lọ, torí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn wà lọ́kàn mi. Nígbà tí mo jí ní ìdájí, òdo ló ń ṣẹ́jú lójú ìkòkò. Mo fọwọ́ kan ara rẹ̀: kò gbóná rárá. Mo ṣí i. Ọ̀rá ti ń dì funfun lójú omi ẹran, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá egungun, àlùbọ́sà tí mo tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ṣì le bí ìgbà tí mo gé e.

Ẹran tí kò gbóná tó 60°C, tí kò sì tutù tó ti inú fíríìjì, kòkòrò àrùn ló ń bí sí i nínú rẹ̀, kò sì yẹ kó ju wákàtí 2 lọ bẹ́ẹ̀. Tèmi ti lo òru mọ́jú. Àwọn kan máa ń sọ pé kéèyàn kàn tún un sè. Kò ṣeé ṣe, torí oró tí àwọn kòkòrò mìíràn máa ń fi sílẹ̀ nínú ẹran, iná kì í pa á. Odindi ejìká tó ju kílò 3 lọ ni mo dà nù. Mo sunkún. Ìrẹsì àti adìẹ ni ọkọ mi jẹ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́ Ajé mo fọ ìkòkò náà mọ́ tónítóní, mo dá a padà sínú páálí rẹ̀, mo mú rìsíìtì, ó di Dùgbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà ò jìnnà sí Cocoa House. Bí ọmọkùnrin yẹn ṣe rí mi pẹ̀lú páálí, ó kọjú sí ibi tí wọ́n to fláàsì sí, ó ń tún wọn tò. Mo kí i. Mo ro ẹjọ́ mi. Ó ní, “Mọ́mì, ìkòkò ò bàjẹ́. Iná ló lọ. Ṣé àwa la mú iná lọ ni?” Mo ní, kí ni mo bi ọ́ lọ́jọ́ tí mo wá? Ó ní òun ò rántí. Mo ní, ìyá rẹ ńkọ́, tó ní irú ẹ̀ nílé? Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá nawọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

Ohùn mi ti ròkè nígbà náà. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ rìsíìtì ló dìde. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gbé irú ìkòkò mi kan sọ̀ láti orí pẹpẹ, ó kì í bọ iná, ó tẹ “low”, nọ́ńbà tàn. Ó fa wáyà yọ. Ó dúró díẹ̀. Ó tún un kì bọ̀ ọ́. Òdo, ó ń ṣẹ́jú. Ó gbé èyí tí a ń yí, ó ṣe bákan náà. Bó ṣe tún kì í bọ iná báyìí ni iná pupa kékeré ojú rẹ̀ tàn padà. Ó wá ní, “Ẹ wò ó, mà.” Ó yíjú sí ọmọkùnrin yẹn: “Bọ̀dá, ó yẹ ká máa sọ fún àwọn èèyàn.” Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí wọ́n bá ti ṣe é fún mi lọ́jọ́ tí mo ra ọjà, ẹran mi ì bá má bàjẹ́.

Ọ̀gá wọn, Alàájì àgbàlagbà kan, ti jáde látinú yàrá ẹ̀yìn. Ó kí mi dáadáa, ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó gbọ́wọ́ lé páálí mi, ó ní, “Màmá, kí lẹ sè nínú ẹ̀?” Mo ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ó gbọ́wọ́ kúrò. Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò lè dá a padà sórí pẹpẹ mi. Bí mo bá tà á fún Mùsùlùmí tí mi ò sọ fún un, ọrùn mi ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà.”

Mi ò bá a jiyàn lórí ìyẹn. Àwọn ará ilé bàbá mi, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn, mo mọ ohun tó ń sọ, ó sì sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé owó mi ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Ọmọbìnrin yẹn náà ló tún sọ̀rọ̀. Ó ní, “Alàájì, inú ìkòkò amọ̀ ni ẹran wà. Kò kan ìdí tó ń gba iná.” Ó yọ ìkòkò amọ̀ inú èyí tí a ń yí, ó gbé tèmi sínú rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú, kò mì. Ó ní kí n máa lo ìkòkò amọ̀ mi àti ọmọrí mi nìṣó, kí wọ́n fún mi ní ìdí tí a ń yí, kí wọ́n gba ìdí tí a ń tẹ̀. Alàájì ronú sí i. Ó gbà. Ó ní ìdí tí mo gbé wá yìí, òun ò ní tà á fún ẹnikẹ́ni bíi tuntun. Mo ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tó ka ₦12,000 sí mi lọ́wọ́, láìjẹ́ pé mo béèrè. Ó ní, “Owó yín lèyí. Èyí tí ẹ gbé lọ, kò wọ́n tó ti tẹ́lẹ̀.”

Ó ní kí ọmọkùnrin yẹn bẹ̀ mí. Ó ní “sọ́rì, mà” láìwo ojú mi. Inú ṣì ń bí mi sí i títí di báyìí. Owó ẹran mi, ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà á.

Ní ti ìkòkò tí a ń yí yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀. Iná lè lọ kó dé bó ṣe wù ú, ibi tí mo yí i sí náà ló wà. Ìkòkò amọ̀ náà nípọn, bí mi ò bá ṣí ọmọrí, ooru rẹ̀ máa ń dúró fún ìgbà díẹ̀. Bí iná bá wá pẹ́ kó tó dé, kò tó wátì 300 tó ń jẹ, ínfátà wa ń gbé e láìrojú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe ẹran náà. Ejìká ni kí ẹ rà, ẹ má gba ẹran ẹ̀yìn tí kò lọ́ràá, gbígbẹ ló máa gbẹ. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní Bódìjà, ẹ tètè pariwo pé odindi lẹ fẹ́, torí àdá ti wà lókè kí ẹ tó kí wọn tán. Mo máa ń bó awọ kúrò, mo sì máa ń fi ọ̀rá díẹ̀ sílẹ̀. Iyọ̀, ṣúgà pupa, ata gígún, ááyù àti atalẹ̀ ni mo fi ń pa á lára láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, inú fíríìjì ló sì ń sùn. Mo tẹ́ àlùbọ́sà sísàlẹ̀, mo gbé ẹran lé e, mo bu omi àti fínígà díẹ̀ sí i. Díẹ̀ ni o. Ẹran náà á sun omi tó pọ̀, kò sì sí ibi tí omi náà ń gbà jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Wákàtí 8 sí 10 lórí “low”. Ìgbàkigbà tí ẹ bá ṣí ọmọrí láti yọjú wò ó, ẹ ti fi nǹkan bí ìdajì wákàtí kún un. Ohun tó so ẹran ejìká pọ̀, tó máa ń le bí a bá kánjú sè é, díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹran náà máa lẹ̀ mọ́ ètè. Bí inú ẹran bá ti gbóná tó 95°C, egungun ejìká á yọ lọ́wọ́ yín ní funfun, láìsí ẹran kan lára rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fa egungun yẹn yọ, mo pariwo pe ọkọ mi láti pálọ̀.

Ọbẹ̀ barbecue ńkọ́? Orí gáàsì ni mo ti ń se é lọ́tọ̀. Lápá ìlà-oòrùn North Carolina, fínígà àti ata ni tiwọn, wọn kì í fi tòmátì sí i. Ní Kansas City, ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà, ó ki, ó sì dùn. Èmi da méjèèjì pọ̀. Mo máa ń yan tòmátì, àlùbọ́sà àti rodo lórí èédú títí ara wọn á fi dúdú, kí n tó lọ̀ wọ́n, torí slow cooker kì í fún ẹran ní òórùn èéfín, ibí nìkan ni mo ti ń rí i. Mo fi tòmátì alágolo, fínígà, ṣúgà pupa, oyin, mọ́sítádì àti iyọ̀ sí i, mo sì jẹ́ kó hó jẹ́jẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 títí á fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn síbí. Ìgbà tí mo bá fa ẹran ya tán, tí mo sì ti bu ọ̀rá kúrò lójú omi rẹ̀, ni mo tó ń pò ó. Ẹni tó bá da ọbẹ̀ náà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, omi ẹran á là á, ṣúgà rẹ̀ á sì máa jó mọ́ etí ìkòkò.

Búrẹ́dì Àgége ni a fi ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú kábéèjì tí mo fi fínígà pò. Ọkọ mi kọ búrẹ́dì. Dùndún ló fi ń jẹ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é tó jiná, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dára ju ti àbúrò mi lọ, kí n má sọ fún un.

Àléébù ìkòkò náà: wáyà rẹ̀ kúrú, kò dé ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì mi wà. Etí rẹ̀ máa ń jóni, ẹ wá aṣọ dì í mú. Ìkòkò amọ̀ náà wúwo láti fọ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ gbé e lé gáàsì tàbí kí ẹ da omi tútù sí i nígbà tó ṣì gbóná, á sán.

3 nínú 5 ni mo fún un.

Mo ti ra irú ẹ̀ fún ọmọ mi obìnrin tó wà ní Òṣogbo, èyí tí a ń yí. Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni mo ti rà á. Ọmọkùnrin yẹn dìde láti dá mi lóhùn, mo ní kó jókòó, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ rìsíìtì ni mo wá.