Táyà Dídán Àbí Táyà Eléyín Nínú Ẹrẹ̀ Ẹ̀pẹ́?

Ẹni tó bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ oníná onítáyà kan, èyí tí bátìrì ń gbé rìn tí èèyàn ń dúró lé, wọ ẹrẹ̀ Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn òjò, ọ̀rọ̀ táyà ni kó kọ́kọ́ yanjú. Táyà dídán dára lórí ọ̀dà: kì í pariwo, ó sì ń yí geere. Ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀, amọ̀ á dí ojú rẹ̀, á wá máa yí lójú kan. Kò sì sí táyà kejì tó máa gba èèyàn dúró.

Táyà eléyín ni mo fara mọ́ ní tèmi. Ó ń kùn lórí ọ̀dà lóòótọ́, àmọ́ eyín rẹ̀ ń wọnú amọ̀ dáadáa, pàápàá tí ẹ bá dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀. Ẹ ṣáà máa yẹ àárín táyà àti ike tó bò ó wò. Ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń há sí. Ẹ fi igi ha á kúrò kó tó gbẹ.