Fíìdì ewúrẹ́ alápò 25 kg tí wọ́n ń pò ní Àkúrẹ́: ó dára, ṣùgbọ́n ewé ni kó ṣáájú

Ìsọ̀ kan lẹ́bàá ọjà Ìsíkàn ló ń po fíìdì yìí. Èérí àgbàdo, PKC (èérí ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀), èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ àti iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tú àpò náà, òórùn ẹ̀kùrọ́ ló ń ta síni nímú. Kò bu, kò sì dì mọ́ra. Èèpo ẹ̀gẹ́ rẹ̀ gbẹ débi pé ó ń kán lọ́wọ́, èyí sì ṣe pàtàkì, torí oró inú èèpo tútù lè pa ọmọ ẹran.

Ìlànà tí wọ́n fi ń tà á ni kò dáa. Wọ́n ní ká dà á sílẹ̀ kí ọmọ ewúrẹ́ máa jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Ẹ má dán an wò! Ọmọ ewúrẹ́ oníkílò 8 tó ti já lẹ́nu ọmú, 120 gíráàmù ló tó o lójúmọ́: ìdajì láàárọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 30 gíráàmù, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ewé àti koríko tútù kò gbọdọ̀ dín ní kílò 1, torí wọ́n á tẹ díẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ po ewé agúnmaníyè (gliricidia) mọ́ koríko. Bí òjò bá pa á, ẹ sá a kó rọ díẹ̀. Kí wọ́n jẹ ewé kí fíìdì tó dé.

Bí fíìdì bá pọ̀ jù, kíá ló máa ń kan nínú àpòlúkù. Ẹran ò ní jẹ àpọ̀jẹ mọ́, ẹ̀gbẹ́ òsì á wú, ìgbẹ́ tó yẹ kó jẹ́ kórókóró á máa ṣàn. Ẹ dá fíìdì dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ fún un ní koríko àti omi nìkan. Bí ikùn bá le bí ìlù, ẹ pe dókítà ẹran.

Ohun méjì ló kù kí wọ́n tún ṣe. Èérí ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì púpọ̀, kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ sì kéré. Òkúta lè tibẹ̀ dí ojú ìtọ̀ òbúkọ, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n fi ẹbu òkúta ẹfun sí i kí kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n purotéènì rẹ̀ sára àpò: 14 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ ẹran tó ń dàgbà nílò. Ó kúnná jù pẹ̀lú, ó ń mú wọn wúkọ́. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ má sì jẹ́ kó sùn sínú ọpọ́n.

Ọmọ ewúrẹ́ 5 yóò jẹ àpò kan fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tí tirẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, kó ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní kílò, pàápàá lásìkò òjò tí fíìdì ń yára bu.