Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ki ọ̀pá irin bọ omi yín: ìkìlọ̀ fún ẹni tí omi ẹ̀rọ ilé rẹ̀ ń rùn

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé kankan lọ́dọ̀ ẹni tó bá wá ta fíltà omi fún yín nínú ilé. Owó tèmi ti lọ. Mi ò fẹ́ kí tiyín lọ.

Omi ilé wa ló bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹyin ọ̀bu. Àárọ̀ ló máa ń le jù, nígbà tí a bá fẹ́ wẹ̀. Àwọn ọmọ ní àwọn ò fi wẹ̀ mọ́, bàbá wọn náà ní òórùn yẹn ń bá òun dé ibi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kanlẹ̀kùn. Ó múra dáadáa, ó fi káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní, "Mọ́mì, ọ̀fẹ́ la fi ń bá àwọn èèyàn yẹ omi wò ládùúgbò yìí. Kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ." Mo ní kó wọlé.

Ife méjì ló tò sórí tábìlì. Ó bu omi ẹ̀rọ wa sí ọ̀kan, ó da omi tó gbé wá nínú ike sí èkejì, ó ní èyí tí ẹ̀rọ àwọn ti sẹ́ ni. Ó wá mú ohun kan jáde tó dà bí ìdérí, tí ọ̀pá irin mẹ́rin yọ lábẹ́ rẹ̀, ó kì í bọ inú ife méjèèjì, ó sì tan iná sí i. Kò pẹ́ rárá tí omi tiwa fi ń hó, ó di àwọ̀ ewé, ó di pupa rúsúrúsú, ó di dúdú, ìdọ̀tí tó dà bí ẹrẹ̀ sì léfòó sórí rẹ̀. Omi tirẹ̀ mọ́ gaara bó ṣe wà. Ó wò mí lójú, ó ní, "Mọ́mì, ohun tí ẹ ń fún àwọn ọmọ mu lójoojúmọ́ nìyí."

Àyà mi já. Ó tún ki mítà pélébé kan bọ àwọn ife mìíràn tó bu omi sí. Nọ́ńbà tiwa lé ní 300, tirẹ̀ ò pé 10. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, mo ti buwọ́ lùwé pé a ó máa san owó ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá gbé e sábẹ́ síǹkì ìdáná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí omi balùwẹ̀, ẹyin ọ̀bu náà ló tún ń rùn.

Ohun tí mo ti wá mọ̀ nípa ọ̀pá irin yẹn rèé, kí ojú yín lè là sí i kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Méjì nínú ọ̀pá náà jẹ́ irin, méjì jẹ́ alumíníọ̀mù. Omi ẹ̀rọ máa ń ní àwọn iyọ̀ ilẹ̀ tó ti yọ́ sínú rẹ̀, irú bíi kálísíọ̀mù àti magnéṣíọ̀mù, àwọn wọ̀nyí ló sì ń jẹ́ kí iná lè gba inú omi kọjá. Bí iná bá ṣe ń kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá irin náà á máa jẹrà, tí á máa dípẹtà sínú omi. Ìpẹtà ọ̀pá yẹn gan-an ni ìdọ̀tí tí mo rí. Kò sí nínú omi wa tẹ́lẹ̀. Ara ohun tó kì bọ̀ ọ́ ló ti jáde. Omi tirẹ̀ ní tiẹ̀ ti sọ èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ rẹ̀ nù, iná ò rí ọ̀nà gbà, ọ̀pá ò jẹrà, omi sì dúró bó ṣe wà. Bí ẹnikẹ́ni bá dán èyí wò lójú yín, ẹ bu iyọ̀ ìdáná díẹ̀ sínú ife tiẹ̀, ẹ rò ó, kí ẹ ní kó tan iná sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Omi "mímọ́" yẹn náà á dọ̀tí lójú gbogbo yín.

Mítà yẹn kì í ṣe ayédèrú, ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni irọ́. Bí iná ṣe ń rọrùn gba inú omi kọjá ló ń wọ̀n, ó sì fi ń fojú díwọ̀n iye iyọ̀ ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé omi tí iye yìí kò bá tó mílígíráàmù 600 nínú lítà kan sábà máa ń dùn ún mu, tó bá kọjá 1,000 ni adùn rẹ̀ ń bàjẹ́ gidi. Tiwa tó lé ní 300 kò ní àléébù kankan níbẹ̀. Mítà yìí ò mọ òórùn. Kò lè rí kòkòrò àìfojúrí. Òjé pàápàá, tí ìwọ̀nba kékeré rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, lè wà nínú omi kí mítà náà má sọ nǹkan kan. Wọ́n tún ń fi í dẹ́rù ba ẹni tó ti ní fíltà eléèédú nílé: wọ́n á wọn omi kó tó wọ fíltà, wọ́n á wọn ọ́n lẹ́yìn tó jáde, nọ́ńbà ò ní yí padà, wọ́n á ní fíltà yín ti kú. Irọ́ ni. Èédú kì í yọ iyọ̀ ilẹ̀ kúrò, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òórùn àti kílórìnì ló ń gbà mọ́ra.

Àwọn ẹlòmíràn máa ń kán oògùn sínú omi títí á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí òféèfèé, wọ́n á ní májèlé ni. Kílórìnì ni oògùn yẹn fi hàn, ilé iṣẹ́ omi fúnra wọn ló sì fi í síbẹ̀ kó lè máa pa kòkòrò títí omi á fi dé ẹnu ẹ̀rọ yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó yẹ kí ó kù tó mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan nígbà tí omi bá dé ilé, kó má sì kọjá 5.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ọmọkùnrin yẹn kò gbóòórùn omi wa. Mo sọ fún un pé omi ń rùn, ó ní "Ẹ ò ri báyìí!" ó sì ń bá tiẹ̀ lọ. Kò béèrè ẹnu ẹ̀rọ tó ń rùn. Kò béèrè bóyá gbígbóná ni tàbí tútù. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe fún wa nìyẹn, làpálàpá náà kò sì sí lára wa tẹ́lẹ̀.

Bàbá pùlọ́ḿbà tí mo padà pè, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí nìyẹn. Ó ní kí n ṣí omi tútù nìkan, a gbóòórùn rẹ̀, kò rùn. A ṣí gbígbóná, ó rùn gùdù. Ó ní, "Híítà yín ni, ìyá. Ẹ jáde nílé láìpẹ́ yìí bí?" Lóòótọ́, a ti rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì, a pa híítà, omi sì dúró sínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ọ̀pá magnéṣíọ̀mù kan máa ń wà nínú táǹkì híítà, tí yóò máa jẹrà kí ara táǹkì má baà dípẹtà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń sọ súlífétì inú omi di gáàsì háídírójìn súlífáìdì, ọ̀pá yẹn sì máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Gáàsì náà ló ń rùn bí ẹyin ọ̀bu, imú èèyàn sì lè mọ̀ ọ́n bí kò tiẹ̀ ju mílígíráàmù 0.05 sí 0.1 lọ nínú lítà omi kan.

Ó fa omi táǹkì gbẹ, ó fọ̀ ọ́, ó gbé ooru rẹ̀ kọjá 60°C fún wákàtí bíi mélòó kan. Ó kìlọ̀ fún wa gidigidi pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi gbígbóná lásìkò yẹn, torí pé á bó èèyàn. Lẹ́yìn náà ó yọ ọ̀pá magnéṣíọ̀mù, ó fi ti alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Ó ní àwọn kan máa ń yọ ọ̀pá náà dànù pátápátá, ṣùgbọ́n táǹkì wọn kì í pẹ́ jò. Òórùn náà kò padà wá mọ́. Ẹ̀rọ tí mo ń sanwó rẹ̀ kò tilẹ̀ sí lójú ọ̀nà omi balùwẹ̀, bó bá sì wà níbẹ̀ pàápàá, irú asẹ́ rẹ̀ kì í dá gáàsì dúró. Ó máa ń gba inú rẹ̀ kọjá ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ fi imú yín ṣe àyẹ̀wò tí wọn ò ṣe fún mi. Ẹ bu omi sínú ife tó mọ́, kí ẹ gbé e kúrò nídìí síǹkì, ẹ lọ gbóòórùn rẹ̀ ní yàrá mìíràn. Bí kò bá rùn níbẹ̀, ihò tí omi ń bá lọ ni ẹ fọ̀, omi ò ṣẹ̀ yín. Bó bá ń rùn, ẹ wò ó bóyá gbogbo ẹnu ẹ̀rọ ni tàbí ẹyọ kan. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí sábà máa ń ti ara ọbẹ̀dọ̀ inú odò tàbí adágún tí wọ́n ti ń fa omi wá; kì í pani lára, ìwọ̀nba ìdá 10 nínú tírílíọ̀nù kan ti tó fún imú láti mọ̀ ọ́n, bí omi bá sì tutù dáadáa, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lẹ́nu. Fíltà eléèédú kékeré ti tó fún un, bí ẹ bá ń pààrọ̀ èédú rẹ̀ lásìkò. Kílórìnì lásán á lọ bí ẹ bá da omi sínú jọ́ọ̀gì tí ẹ ò dé. Omi tó ń tọ́ irin lẹ́nu láàárọ̀ ti sùn sínú páìpù ni, ẹ jẹ́ kó ṣàn díẹ̀ kí ẹ tó bu ti mímu. Ṣùgbọ́n bó bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì, ẹ má mu ún, ẹ má fi se nǹkan, ẹ pe ilé iṣẹ́ omi lójú ẹsẹ̀, torí epo tó dà sílẹ̀ lè wọ inú páìpù oníke lábẹ́ ilẹ̀.

Òjé kò ní òórùn, kò ní adùn, síse ò sì ń lé e lọ. Bí ilé yín bá jẹ́ ilé àtijọ́ tí ẹ sì ń fura sí páìpù rẹ̀, ẹ gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò tó ní ìwé àṣẹ, tí kì í ta fíltà.

Ẹ tún kíyè sí àmì tó wà lára ọjà. NSF/ANSI jẹ́ ìlànà ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń dán fíltà wò. Nọ́ńbà 42 jẹ́ ti adùn, òórùn àti kílórìnì. 53 ni ti àwọn ohun tó ń pa ìlera lára, bí òjé. Ìwé tí wọ́n fi hàn mí ní àmì yìí lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí mo fara balẹ̀ kà á, ẹ̀yà kan péré lára ẹ̀rọ náà ló gba ìwé ẹ̀rí, kì í ṣe odindi ẹ̀rọ. Ẹ fi nọ́ńbà ọjà náà wá a fúnra yín nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti buwọ́ lùwé bíi tèmi, ẹ mú ìwé àdéhùn yín lónìí, ẹ wá ojú ibi tí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá ọjà padà sí. Bí ọjọ́ náà ò bá tíì kọjá, ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ má fi ẹnu sọ ọ́ lásán, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì. Tèmi ti kọjá nígbà tí mo rántí wò ó. Bí ẹ bá ní fídíò tàbí fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n ki ọ̀pá bọ omi yín, ẹ má pa á rẹ́. Mo ti kọ ẹjọ́ tèmi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbèjà oníbàárà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ mi ni fọ́tò yẹn.