Fọ́tò tẹ́ ẹ fẹ́ gbé kọ́ pálọ̀: dye ni àbí pigment?

Fọ́tò wòlímà àbúrò mi, tá a gbé kọ́ síbi tó kọjú sí fèrèsé ní pálọ̀ wa l'Ádéwọlé, Ìlọrin, kò pé ọdún méjì tó fi ṣá. Aṣọ búlúù tó wọ̀ di aláwọ̀ eérú, ojú ẹ̀ wá pọ́n bí ẹni tó kun osùn. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ò purọ́ fún wa. Àwa la ò bi í pé irú tàdáwà wo ló fẹ́ lò.

Irú méjì ló wà fún ẹ̀rọ inkjet, ìyẹn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń fọ́n tàdáwà sórí bébà. Dye dà bí aró: ó yọ́ pátápátá, ó sì ń rin bébà wọlé. Pigment dà bí ẹfun: kì í yọ́, hóró rẹ̀ kíkíní ló ń lẹ̀ mọ́ ojú bébà. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ozone tètè ń rí dye jẹ torí ó ti tú ká. Ti pigment, ẹ̀yìn hóró ni wọ́n á kọ́kọ́ jẹ, inú á ṣì kù.

Ní ṣọ́ọ̀bù, dye ló máa wù yín jù: ó ń tàn yanran lórí bébà dídán, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Pigment wọ́n, èékánná lásán sì lè họ ọ́. Kò yà mí lẹ́nu báwọn atẹ̀wé kan bá ń sá fún un. Tí wọn ò bá lò ó fọ́jọ́ mélòó kan nígbà ọyẹ́, ó lè gan mọ́ ẹnu ẹ̀rọ wọn. Síbẹ̀, pigment ni màá sanwó ẹ̀ fún ara ògiri. Dye ti tó fún álúbọ́ọ̀mù tí ẹ ń pa dé.

Tí wọ́n bá ní pigment làwọn ń lò, ẹ ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ méjì aláwọ̀ búlúù àti pupa sórí bébà lásán. Tó bá gbẹ, ẹ kán omi sí i. Tó bá ṣàn bíi tàdáwà orí wàláà, dye ni.

Gíláàsì àti lamination, méjèèjì ló ń dènà afẹ́fẹ́, pàápàá lábẹ́ fáànù. Gíláàsì ni mo yàn, torí ó ṣeé tú. Àmọ́ gíláàsì lásán ò dá gbogbo ìtànṣán oòrùn dúró, ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ń ta sí. Ẹ jẹ́ kí fọ́tò gbẹ fún wákàtí 24 kó tó wọ férémù, kẹ́ ẹ sì fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín òun àti gíláàsì, kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ra nígbà òjò.

Ẹ tọ́jú fáìlì ẹ̀ náà o. Orí fóònù tó ti sọnù ni ti àbúrò mi wà.