Kápúsù ìrántí tí mo rà ní Ìgbọ́nà: ìràwọ̀ kan péré

Ìràwọ̀ kan yẹn náà, tọmọrí ìgò ni o, ó ń dé pinpin.

Àdìrẹ ni màmá mi ń tà l'Ọ́jà Ọba. Lọ́jọ́ kan wọ́n fún kọ́sítọ́mà ní ṣéńjì, bí ìyẹn ṣe ń ká aṣọ ẹ̀ sí náílọ́ọ̀nù wọ́n tún ka ṣéńjì yẹn fún un lẹ́ẹ̀kejì, ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọlúàbí ni, ó dá a padà. Àyà mi já. Ni mo bá sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan n'Ígbọ́nà, mo san 18,500 lórí ìgò kan tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé ẹ́ńsáìmù tó ń tún ọpọlọ ṣe ló wà níbẹ̀. Èmi tí mo ka báyókẹ́mísìrì ní yunifásítì o! Ẹ má bi mí.

Ìgbà tí mo délé lojú mi wá là. Mo wá nọ́ńbà NAFDAC títí, kò sí. Mo tú kápúsù kan sínú sọ́sà, ìyẹ̀fun bí èlùbọ́ ni, ó ń rùn bí ẹ̀pà tó ti pẹ́ nílé. Ká tiẹ̀ ní ẹ́ńsáìmù ni lóòótọ́, purotéènì tó ń bá ara ṣiṣẹ́ ṣáà ni, tó bá dé inú, inú á lọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ ẹ̀wà, kò ní dé ọpọlọ kankan.

Èyí tó wá ń bí mi nínú ni pé àìsí ẹ́ńsáìmù kọ́ ni wàhálà Alzheimer's, àìsàn ìgbàgbé tó máa ń bá àwọn àgbàlagbà. Ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń jẹ́ BACE1, ara awọ sẹ́ẹ̀lì ló máa ń wà. Nẹ́ẹ̀fù á dì í sínú àpò kékeré, purotéènì tó ń ṣe bíi mọ́tò, tí wọ́n ń pè ní kinesin, á gbé e bí kórópé ṣe ń gbé èrò. Ọ̀nà yẹn jìn o, nẹ́ẹ̀fù tó ti ẹ̀yìn wa dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ lè gùn tó mítà 1, ẹrù tó yá jù ò sì rìn ju bíi 400 mìlímítà lọ lójúmọ́. Ibùdókọ̀ kan wà lójú ọ̀nà, endosome, àpò kan nínú sẹ́ẹ̀lì ni, omi ibẹ̀ kan bí omidùn, ibẹ̀ ni BACE1 ti ń pàdé purotéènì kan tó ń jẹ́ APP, á gé e, ẹ́ńsáìmù mìíràn, gamma-secretase, á tún un gé, amyloid-beta tó ń dì jọ nínú ọpọlọ aláìsàn nìyẹn. Tí ẹrù bá ń pẹ́ jù níbẹ̀, gígé á pọ̀ sí i.

Ká wá dí BACE1 pa ńkọ́? Lọ́dún 2006 wọ́n rí i pé eku tí ò ní in, awọ ọ̀rá tó yẹ kó wé nẹ́ẹ̀fù ẹ̀ nígbà tó ń dàgbà ò nípọn. Merck, ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá kan, náà gbìyànjú ẹ̀, verubecestat lorúkọ oògùn wọn, wọ́n dá ìdánwò kan dúró ní 2017, èkejì ní 2018, ìrántí àwọn kan tó lò ó tiẹ̀ tún burú sí i. Gbogbo owó Merck yẹn, àfi oníkápúsù Ìgbọ́nà ló wá rí i ṣe!

Ọmọ tó ń tajà níwà, POS wọn ṣiṣẹ́. Àmọ́ tí mo ní kí wọ́n dá owó mi padà, ọ̀gá ẹ̀ ní "ẹ lò ó foṣù mẹ́ta ná."

Màmá ò gbé ìkankan mì. Mo mú wọn lọ sọ́sípítù, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn láti yẹ táírọ́ìdì àti fítámì B12 wò, torí àwọn yẹn náà ń fa ìgbàgbé, wọ́n sì ṣeé wò. À ń retí èsì.

Màmá ti da kápúsù nù. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ló wà nínú ìgò náà báyìí.