Refractometer fún iyọ̀ omi ọ̀sà: ẹ̀ẹ̀rùn ló mọ̀, kò mọ òjò

Ẹni tó bá fẹ́ ra irinṣẹ́ ìwọn-iyọ̀ fún iṣẹ́ phytoplankton, ìyẹn àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní tó dà bí ewéko, tí omi ń gbé kiri, tí ojú lásán kò rí, kó gbọ́ tèmi kó tó sanwó. Refractometer aláfọwọ́mú ni mo ń sọ, irú èyí tí àwọn tó ń sin ẹja òkun sínú gíláàsì ń lò, tí òǹkà rẹ̀ lọ láti 0 dé 100‰, ìyẹn ìdá iyọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìdá omi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bu omi lójú ọ̀sà Èkó, láti ìtòsí Commodore Channel tí òkun ń gbà wọlé, títí dé ìhà Májídùn ní Ìkòròdú.

Kò ní bátìrì, ìyẹn ló kọ́kọ́ wù mí. Ẹ kán omi díẹ̀ sórí gíláàsì rẹ̀, ẹ pa ìdérí dé kí afẹ́fẹ́ má há sábẹ́ rẹ̀, ẹ kọjú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ẹ yọjú wò ó. Òkè á jẹ́ búlúù, ìsàlẹ̀ á funfun. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni iye iyọ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, omi tí kò níyọ̀ ni ẹ ó fi dá ìlà rẹ̀ padà sórí òdo. Omi tó ń kán lára ẹ́síì la fi ń ṣe tiwa. Wọ́n kọ ATC sára rẹ̀, pé ó ń ṣàtúnṣe fún ooru fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé inú àpótí rẹ̀ ní kò kọjá 30°C. Lọ́sàn-án oṣù Kẹta, omi ọ̀sà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má fi í sínú oòrùn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, n kò ní ẹ̀sùn kankan. Odò Ògùn ti fà, òkun ń wọlé, iyọ̀ ń dín kù bí a ṣe ń kúrò lẹ́nu òkun, ìlà náà sì hàn ketekete. Ohun tó wà nínú àwọ̀n wa bá a mu: àwọn diatom, irú phytoplankton kan tó ní èèpo bíi gíláàsì, ló kún ún, pàápàá Coscinodiscus, tó rí roboto bíi kọ́bọ̀ lábẹ́ máíkíróskópù.

Òjò ló tú àṣírí rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà sí Keje, odò ti lé omi iyọ̀ padà, ibi tó pọ̀ nínú ọ̀sà á sì wà láàárín òdo sí márùn-ún. Àárín yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn algae (phytoplankton yẹn náà ni mò ń pè bẹ́ẹ̀) ti omi odò àti ti omi iyọ̀ ti ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ìlà irinṣẹ́ yìí sì ń lọ, kò mọ ohun tó wà láàárín ẹyọ kan sí èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wò ó, ó ní ọ̀kan. Èkejì ní méjì. Bàbá ọlọ́kọ̀ wa ti ìka bọ omi, ó lá a: “Ẹ̀yin ọmọ mi, iyọ̀ ti débí o.” (Ẹ má dán an wò. Ẹ mọ ohun tí Èkó ń dà sínú omi yẹn.) Kódà gbéborùn, ewéko tó ń bo ojú omi, mọ̀ ju irinṣẹ́ yìí lọ: bí iyọ̀ bá ti ń wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Mítà conductivity, tó ń wọn bí iná ṣe ń gba inú omi kọjá, ló lè yanjú rẹ̀, àmọ́ èyí tó dáa wọ́n.

Iyọ̀ nìkan kọ́ sì ni. Àgbàrá òjò ń kó nitrate, phosphate àti silicate tí diatom fi ń ṣe èèpo ara wọn wá, oúnjẹ kún inú omi fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó bá a wá ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ àwọn algae lójú, ìṣàn omi sì ń gbá wọn lọ kí wọ́n tó pọ̀ sí i. Ẹni tí refractometer nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ á kọ ọ́ pé àìsí iyọ̀ ló lé algae lọ. Láti mọ bí omi ṣe mọ́ tó, ẹ wá Secchi disk kún un, àwo 20 sẹ̀ǹtímítà aláwọ̀ dúdú àti funfun tí wọ́n ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ títí ojú kò fi ní rí i mọ́. Wẹ́dà lè gé e fún yín, kí ẹ kùn ún fúnra yín. Nínú gbogbo ẹrù ọkọ̀ wa, òun ni owó rẹ̀ tó iṣẹ́ rẹ̀ jù.

Àwọn àléébù kéékèèké: róbà ibi ojú máa ń yọ, yanrìn sì tètè ń ha gíláàsì rẹ̀, pàápàá níbi tí àwọn awayanrìn ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ rírọ̀ tó tutù ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má rì í bọ omi, inú rẹ̀ á hu kùrukùru.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Tó bá jẹ́ ẹnu òkun tàbí ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yín, ẹ rà á. Tó bá jẹ́ òkè odò lásìkò òjò, ẹ tọ́jú owó yín de mítà. Ẹni tó bá sì ti rà á, kó so okùn mọ́ ọn, torí kì í léfòó.